Báàgì Àna Bàbá Tú-u-wò

Ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Ṣómólú, láti ẹ̀gbẹ́ Palmgrove títí dé Pedro, kò sí ẹni tí kò mọ Bàbá Tú-u-wò. Àbdùlláhì ni orúkọ tí àlùfáà fún un ní Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí orúkọ yẹn ti ń sinmi nílé. Òun ni olùṣọ́ ilé-iṣẹ́ Màdáámù Fadékẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣe páálí oògùn, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sì ń sọ lẹ́nu géètì náà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́: "Ẹ tú u wò." Ẹni tó gbé báàgì, ẹ tú u wò. Ẹni tó di oúnjẹ, ẹ tú u wò. Pásítọ̀ kan wá gbàdúrà fún àwọn òṣìṣẹ́ nígbà kan, ó gbé Bíbélì onísíìpù dání. Nígbà tó ń jáde, Bàbá Tú-u-wò ní kó ṣí síìpù náà.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló wà níbẹ̀," ni pásítọ̀ wí.

"Mo gbà bẹ́ẹ̀, sà," ni Bàbá dáhùn. "Ẹ jẹ́ kí n kí i."

Kò yọ ìyá Màdáámù alára sílẹ̀. Ìyá arúgbó yẹn gbé ọbẹ̀ wá fún ọmọ rẹ̀, ó ń gbé ìkòkò òfìfo lọ sílé, Bàbá Tú-u-wò sì ní kó ṣí ìdérí. Ìyá ṣí i, ó gbé e sí i nímú, ó ní kó gbóòórùn rẹ̀ dáadáa kó má baà jẹ́ pé ọbẹ̀ ti jalè. Láti ọjọ́ náà, bí ìyá bá fẹ́ rí ọmọ rẹ̀, ilé ló ń ránṣẹ́ pè é sí. Màdáámù bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe bínú lọ, nítorí ẹni tó bá lè tú ìkòkò ìyá ọ̀gá wò, ta ni yóò tún fojú àánú wò?

Ẹ má rò pé òǹrorò ni. Ẹlẹ́rìn-ín ni, ó sì mọ orúkọ ọmọ gbogbo òṣìṣẹ́. Ó kàn jẹ́ pé ó mọ ohun tó ń ṣọ́. Ẹlòmíràn á ní páálí lásán ni, kí ló wà nínú páálí tí a ó fi máa tú ìyá oníyàá wò? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹnikẹ́ni lè fi ẹfun àti ìyẹ̀fun ṣe ohun tó jọ oògùn nínú yàrá rẹ̀. Ohun tí kò lè ṣe ni páálí. Páálí ni aṣọ tí oògùn wọ̀ tí a fi ń dá a mọ̀ lọ́jà. Bí olè bá ti rí aṣọ yẹn jí, ẹfun ti di oògùn ibà nìyẹn, ìyá ọlọ́mọ á rà á, á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tà á.

Kí ó tó di olùṣọ́, ó ti hun aṣọ òfì rí nílé wọn ní Ìsẹ́yìn, ó sì ti ru bébà ní Ṣómólú títí ẹ̀yìn fi kọ̀ fún un. Bàbá tó bí Màdáámù Fadékẹ́, olóògbé tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, ló gbé àga kan sẹ́nu géètì tó ní kó jókòó. Ó ní, "Àbdùlláhì, ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ìwọ ni ojú mi." Bàbá Tú-u-wò kì í gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí. Tí wọ́n bá fún un ní ẹ̀bùn kó lè yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú ara wọn ni yóò tì. Ẹni tó bá bínú sí i, á bínú tán. Olè kan ò gba iwájú rẹ̀ kọjá rí, ó sì máa ń sọ ọ́ síta pé kò ní gba ibẹ̀ láé.

Ohun tí kò rò ni pé ọmọ òun yóò fẹ́ ìyàwó.

Ọmọ́wálé ni àkọ́bí rẹ̀, iná ló ń ṣe, àwọn ilé ní Bàrígà ló ń wáyà. Nínú gbogbo ọmọbìnrin tó ń rìn lọ tó ń rìn bọ̀ ní Èkó, Ẹwàolúwa ló wù ú, ọmọ Ọ̀gbẹ́ni Bámilóyè. Ọ̀gbẹ́ni Bámilóyè yìí kan náà ló ń lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé páálí nílé-iṣẹ́ Màdáámù Fadékẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, díkónì ni nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, ẹni tó máa ń ronú kó tó sọ pé òun fẹ́ mu omi. Nígbà tí Bàbá Tú-u-wò àti ìyàwó rẹ̀ lọ kí wọn nílé ní Pedro, tí wọ́n ní àwọn rí òdòdó kan tó wù àwọn nínú ọgbà wọn, Díkónì gbọ́ wọn dópin, ó fún wọn lómi tútù, ó ní, "A ó máa gbàdúrà sí i."

Mùsùlùmí Ìsẹ́yìn ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ Onítẹ̀bọmi Ògbómọ̀ṣọ́: àdúrà bẹ́ẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Ọmọ́wálé ò lè sùn. Lójoojúmọ́ ló ń bi bàbá rẹ̀ pé, "Wọ́n ti gbàdúrà tán?" Bàbá náà á ní kó fọkàn balẹ̀, ọkàn tirẹ̀ gan-an ò sì balẹ̀. Ẹni tó ń tọrọ aya fún ọmọ rẹ̀, ojú àna ló ń wò jẹun.

Lọ́jọ́ kejì ìbẹ̀wò náà ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ pé wàhálà ni, nítorí ìwà rere ló jọ. Iṣẹ́ parí, àwọn òṣìṣẹ́ tò jáde. Ó kan Díkónì. Ó gbé báàgì rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì fa síìpù rẹ̀ bó ṣe ń ṣe láti ọdúnmọ́dún. Bàbá Tú-u-wò yára yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ṣèèṣì wọlé bá àgbàlagbà níbi tó ti ń wẹ̀.

"Háà, àna mi! Ká má rí i!"

"Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò o," ni Díkónì wí. "Òfin ilé-iṣẹ́ ni."

"Òfin kí la ó fi tú ẹrù àna ẹni lójú ọmọdé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ. Ẹ bá mi kí wọn nílé."

Lọ́jọ́ kejì, Díkónì tún ṣí báàgì. Bàbá tún yíjú. Lọ́jọ́ mìíràn, ó tún ṣí i, Bàbá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa síìpù pa fún un, ó bá a gbá eruku orí ẹ̀ nù. Nígbà tó yá, Díkónì ò ṣí i mọ́. Àgbàlagbà kì í máa bẹ ẹni pé kó wá fura sí òun.

Níní wà níbẹ̀, ó ń wò wọ́n. Níní jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń lẹ páálí, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àgbàlagbà nílé-iṣẹ́ yẹn tí kò fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí a máa tẹ orókún díẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ nítan, wọ́n á ní àwọn ti kí ènìyàn. Níní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orókún méjèèjì ló ń fi kanlẹ̀, lórí òkúta wẹ́wẹ́, pẹ̀lú "ẹ kúuṣẹ́ sà, ẹ kú ìdúró sà, ẹ kú ojú lọ́nà sà." Nígbà tó rí i pé orókún ń dun Díkónì, tó ń rìn bí ẹni tó ń ka ilẹ̀, ó tọ̀ ọ́ lọ.

"Ẹ jẹ́ kí n máa bá yín gbé báàgì yín, sà. Ọmọ wà níbí, kí àgbà máa ru ẹrù?"

Díkónì ní kó má ṣèyọnu. Níní ní ọlá ni, kì í ṣe ìyọnu. Bó ṣe di ìṣe wọn nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́, Díkónì á lọ fọ eruku páálí kúrò lọ́wọ́ níbi ẹ̀rọ omi, Níní á gbé báàgì rẹ̀ nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó fi ń gé páálí. Bó bá dé géètì, á ti ṣí pọ́ọ̀sì tirẹ̀ kí wọ́n tó ní kó ṣí i. Bàbá Tú-u-wò á tú pọ́ọ̀sì náà tinútòde, á rí lípístíìkì, á rí kọ́kọ́rọ́, á tún wo inú ìdérí lípístíìkì. Báàgì kejì tó gbé dání, ti Díkónì, á dà bí ẹni pé kò rí i. Níní á wá sáré ṣíwájú lọ gba àyè iwájú nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá de Díkónì. Bí bàbá náà bá fi ẹsẹ̀ dídùn dé ibẹ̀, ọmọ rere á ti jókòó dè é, á gbé báàgì rẹ̀ lé e lọ́wọ́, á tún kúnlẹ̀.

"Ilé tí ọmọ yìí ti jáde," ni Bàbá Tú-u-wò máa ń wí, "wọ́n kọ́ ọmọ níbẹ̀." Ó tilẹ̀ sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ká ní Ọmọ́wálé ò tíì rí ẹni tó wù ú, òun mọ ẹni tí òun ì bá fi hàn án.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ilé-iṣẹ́ oògùn tí wọ́n ń ṣe páálí fún pe Màdáámù Fadékẹ́. Wọ́n ti rí ayédèrú oògùn ibà lọ́jà. Ṣùgbọ́n páálí tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú. Páálí tòótọ́ ni, aláwọ̀ búlúù, láti orí ẹ̀rọ Màdáámù gan-an ló ti wá. Wọ́n ní bí kò bá dí ihò tí nǹkan ń gbà jáde, àwọn yóò gbé iṣẹ́ àwọn lọ síbòmíràn, géètì á sì tì nìyẹn.

Màdáámù kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ó ní, "Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀." Gbogbo wọn sì bojú wo ògiri.

Ògiri ni wọ́n wá dojú ìjà kọ lóòótọ́. Wọ́n mọ ọ́n ga sí i títí oòrùn àárọ̀ ò fi ráyè wọlé mọ́. Wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí orí rẹ̀ ká. Wọ́n ra kámẹ́rà, wọ́n sì kọjú gbogbo wọn sí orí ògiri, nítorí ó dá Màdáámù lójú pé ibẹ̀ ni olè ń gbà. Bí ológbò ìtòsí bá ń rìn gberegbere lọ lórí ògiri, gbogbo ọ́fíìsì ló ń rí i. Wọ́n ra ajá ńlá kan tí ojú rẹ̀ pọ́n. Ajá náà gbó Màdáámù, ó lé akọ̀wé, ó gé ṣòkòtò ẹni tó wá ṣe kámẹ́rà. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń jùrù sí ni Níní, tó máa ń fi eegun ẹran pamọ́ fún un.

Ní ti Bàbá Tú-u-wò, ó bínú bí ẹni tí wọ́n bú bàbá rẹ̀ tó ti kú. Kí páálí jáde lójú òun? Ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa bọ́ bàtà, kí àwọn obìnrin máa tú gèlè. Ó ń bu búrẹ́dì oníbúrẹ́dì sí méjì kó lè wo inú rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń kùn, ó ní kí wọ́n máa kùn. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, á bá Níní yẹ bàtà wò, á yẹ gèlè wò, á wá ní, "Bá mi rọra o, ọmọ mi, má jẹ́ kí báàgì Díkónì já bọ́."

Láàárín àkókò yìí ni ibà kọlu Hameedat. Inú ilé kan náà ni òun àti Bàbá Tú-u-wò ń gbé ní Abúlé Òkúta, yàrá ìyá rẹ̀ ló kọjú sí ti Bàbá Tú-u-wò. Rùkáyátù ni ìyá náà, aṣọ ló ń rán, ọmọ náà nìkan ló bí. Ọmọ ọdún méje ni Hameedat, òun ló máa ń gbọ́ ìró bàtà Bàbá Tú-u-wò láti kọ̀nà, tí á sì sáré wá gba fìlà lórí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ra oògùn ibà, aláwọ̀ búlúù. Ó lò ó pé. Ibà náà ò mì. Gìrì mú ọmọ, wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn. Dókítà wo oògùn náà, ó ní ẹfun ni. Ọlọ́run bá wọn ṣe é, Hameedat padà wálé, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ò padà bọ̀. Èèyàn lè pariwo lẹ́yìn rẹ̀, kò ní wẹ̀yìn.

Àwọn ará ilé péjọ láti bá Rùkáyátù dúpẹ́ pé ẹ̀mí ò lọ. Gẹ́gẹ́ bí àgbà, Bàbá Tú-u-wò ni wọ́n ní kó gbàdúrà. Omijé wà lójú rẹ̀, kò sì fi pamọ́. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ọlọ́run Ọba, ẹ̀yin lẹ mọ olè tó kó páálí yìí, mo fi í lé yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi ṣọ́nà tó wá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí olè fi kọjá, ẹ má jẹ́ kó kú kíákíá o! Ẹ jẹ́ kó pẹ́ láyé, kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tó ṣe!"

"Àmín!" ni gbogbo ilé dáhùn. Rùkáyátù ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá Tú-u-wò fúnra rẹ̀ ló ṣe é ròkè jù.

Ilé-iṣẹ́ oògùn wá dá ọgbọ́n kan. Wọ́n ní kí wọ́n yí páálí padà: kó di aláwọ̀ ewé, kí ẹyẹlé funfun kan wà lára rẹ̀. Màdáámù ní ẹyọ kan kò gbọdọ̀ jáde títí lọ́rì ilé-iṣẹ́ oògùn fi máa wá kó wọn. Díkónì ló gé wọn. Ó gé wọn tán lọ́jọ́rú, ibà sì gbé òun náà ṣánlẹ̀ lọ́jọ́bọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, Bàbá Tú-u-wò wọ agbádá, ó lọ kí àna rẹ̀ ní Pedro. Ìyàwó rẹ̀ ti ra ọsàn àti oògùn ibà ní Bàrígà, ó dì wọ́n sínú ọ̀rá dúdú, ó gbé e fún un. Ọkùnrin tó ń bu búrẹ́dì sí méjì yìí gbé ọ̀rá náà láti Abúlé Òkúta dé Pedro, kò wo inú ẹ̀.

Díkónì jókòó sórí àga, ó fi aṣọ bora. Ó dúpẹ́ fún ọsàn. Ó mú oògùn jáde, ó gbé e súnmọ́ ojú. Ẹwàolúwa tó ń gbé omi bọ̀ dúró sójú kan.

"Àna mi," ni Díkónì wí nígbà tó yá, "níbo lẹ ti ra èyí?"

"Ìyá Ọmọ́wálé ló rà á lánàá, ní kẹ́místì. Ṣé kì í ṣe irú èyí tí ẹ ń lò ni?"

Díkónì na páálí náà sí i. Aláwọ̀ ewé ni. Ẹyẹlé funfun wà lára rẹ̀.

"Èmi ni mo gé e," ni Díkónì wí. "Ilé-iṣẹ́ ni mo fi gbogbo wọn sí. Lọ́rì ò tíì dé. Báwo ni eléyìí ṣe ṣáájú mi délé?"

Bàbá Tú-u-wò gba páálí náà, ó yí i wò. "Kò lè jẹ́ ẹnu géètì ló gbà," ló wí. "Gbogbo báàgì tó ń jáde ni mo—"

Gbólóhùn náà ò ṣeé parí. Báàgì kan wà tí kì í tú. Ó mọ̀ ọ́n, Díkónì náà mọ̀ ọ́n, Ẹwàolúwa tó gbé omi dání pàápàá mọ̀ ọ́n, nítorí bàbá rẹ̀ ti ròyìn rẹ̀ nílé rí bí ohun ẹ̀rín.

"Gbogbo báàgì, àfi ti ta ni?" ni Díkónì bi í.

Bàbá Tú-u-wò wo ilẹ̀, ó wo ọsàn, ó ní kí Ọlọ́run fún wọn lálàáfíà, ó sì dìde. Kò sẹ́ni tó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tó délé, ó sọ fún Ọmọ́wálé. Ọmọ náà di orí mú. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú báàgì wọn. Bí ẹ bá bá nǹkan níbẹ̀, ẹ ti sọ bàbá ìyàwó mi di olè. Bí ẹ ò bá bá nǹkan kan níbẹ̀, ẹ ti fi olè lọ̀ wọ́n. Èwo ni wọ́n á torí ẹ̀ fún mi lọ́mọ níbẹ̀?" Òótọ́ ló sọ. Bàbá rẹ̀ yọjú síta, ó rí Hameedat níwájú ilé, ó ń ṣeré. Ó pè é. Kò wẹ̀yìn.

Ara Díkónì yá, ó padà síbi iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Èkó ni Èkó ń jẹ́, lọ́rì ò tíì dé. Nígbà tí iṣẹ́ parí, àwọn òṣìṣẹ́ tò. Ó kan Níní, pọ́ọ̀sì tirẹ̀ ti là sílẹ̀ lórí tábìlì, báàgì Díkónì wà ní ọwọ́ rẹ̀ kejì. Díkónì fúnra rẹ̀ ń tiro bọ̀ lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ tutù fún omi.

"Tú u wò," ni Bàbá Tú-u-wò wí.

Níní rẹ́rìn-ín. "Mo ti tú u, sà."

"Ìkejì."

"Bàbá, ti Díkónì mà ni."

"Mo mọ̀."

Bàbá Tú-u-wò ṣí fìlà, ó gbé e sórí tábìlì. Ó bọ́ síwájú Díkónì, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí òkúta wẹ́wẹ́, lójú gbogbo ọmọdé tí kò fẹ́ kí wọ́n rí i tó ń tú ẹrù àna.

"Àna mi, ẹ foríjì mí. Ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí, èmi ni mo ṣe é, kì í ṣe Ọmọ́wálé. Ẹ má torí tèmi gba ìyàwó lọ́wọ́ ọmọ mi."

Díkónì ò sọ pé kó dìde. Bàbá dìde fúnra rẹ̀, ó gba báàgì lọ́wọ́ Níní, ó fa síìpù. Abọ́ oúnjẹ. Aṣọ ìnura. Ìwé orin ìjọ. Ó gbé aṣọ ìnura. Lábẹ́ rẹ̀ ni páálí aláwọ̀ ewé sùn sí, ó pẹlẹbẹ, wọ́n dì í ní ìdì ìdì, gbogbo ẹyẹlé kọjú sókè.

Ariwo ta. Ẹnì kan ní "Díkónì!" Díkónì wo inú báàgì ara rẹ̀ bí ẹni tó rí òkú níbẹ̀. Bàbá Tú-u-wò fẹ́ sunkún. Ìgbà náà ló tó wá sí i lọ́kàn láti wo ọwọ́ ẹni tí òun ti gba báàgì náà.

"Àna mi, ta ló gbé báàgì yìí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ?"

"Mo... mo lọ fọwọ́," ni Díkónì wí. "Níní ló máa ń bá mi gbé e."

Wọ́n yíjú sí Níní. Ó ti kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan, orókún méjèèjì, bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ gan-an. Ajá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń jùrù.

"Ẹ ṣàánú mi sà, iṣẹ́ èṣù ni," ló ń wí. Ó ń kó wọn sínú báàgì nígbà tí bàbá náà bá ń fọwọ́, ó ń kó wọn jáde nínú kẹ̀kẹ́ kó tó débẹ̀. Ó wá gbójú sókè, ó wo Bàbá Tú-u-wò, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ń dun òun náà. "Ẹ ò tú u wò rí, sà! Bí ẹ bá tú u lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ̀rù ì bá bà mí, ǹ bá ti jáwọ́."

Àwọn ọlọ́pàá mú un lọ. Màdáámù tún kó òṣìṣẹ́ jọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọ ògiri àti ẹni tó ta wáyà. Ó sọ fún ilé-iṣẹ́ oògùn pé ètò ààbò tuntun tí òun náwó sí ló mú olè, ó sì ní kí wọ́n fi kámẹ́rà kan kún un. Orí ògiri náà ni wọ́n tún kọjú rẹ̀ sí. Wọ́n ya fọ́tò Bàbá Tú-u-wò, wọ́n gbé e kọ́ sí ọ́fíìsì, wọ́n kọ "Olùṣọ́ Òtítọ́" sábẹ́ rẹ̀. Bàbá Tú-u-wò kì í wọ ọ́fíìsì yẹn mọ́.

Fún ọjọ́ mélòó kan, Díkónì ń gbé báàgì ara rẹ̀, ó ń tiro kọjá, Bàbá ń tú u wò, àwọn méjèèjì ń wo ilẹ̀. Nígbà tó yá, ó dúró lẹ́nu géètì.

"Àna mi, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo fa síìpù yìí fún yín, mo fà á kí orúkọ mi lè máa mọ́ ni. Ẹ̀yin lẹ ṣe mí lóore tí mi ò bẹ̀ yín. Oore yẹn fẹ́ pa mí." Ó ti báàgì náà sí i lórí tábìlì. "Ẹ máa tú u lójoojúmọ́. Títí kan ọjọ́ ìgbéyàwó, bí mo bá wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn tó yé Bàbá Tú-u-wò. Nígbà tó yé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú báàgì náà. Ó yẹ abọ́ wò, ó yẹ aṣọ ìnura wò, ó ṣí ìwé orin, ó yẹ ojú ewé rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, Díkónì sì dúró dè é.

Ó fi ayọ̀ gbé ìròyìn náà dé Abúlé Òkúta. Ọmọ́wálé fò sókè, ìyá rẹ̀ ń pe àwọn ará Ìsẹ́yìn lórí fóònù. Bàbá fi wọ́n sílẹ̀, ó kọjá sí yàrá iwájú. Rùkáyátù wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, Hameedat ń ṣa àjákù aṣọ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Bàbá ò jókòó.

"Rùkáyátù, ẹni tí mo gbàdúrà lé lórí lọ́jọ́sí, tí mo ní wọ́n fi ṣọ́nà tó yíjú, èmi ni. Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni." Ohùn rẹ̀ ò gòkè. "Jọ̀ọ́, bá mi gba àmín tí o ṣe padà."

Rùkáyátù dá ẹ̀rọ dúró. Ó wò ó títí. Kò bínú, ì bá sì sàn kó bínú.

"Bàbá Ọmọ́wálé," ló wí, "ẹ̀yin lẹ gbàdúrà yẹn. Èmi àmín nìkan ni mo ṣe."

Ó fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ léjìká, ó tọ́ka sí àgbàlagbà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Hameedat rí i, inú rẹ̀ dùn, ó dìde, ó sì kúnlẹ̀ kí i dáadáa bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Bàbá ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi." Ó tún un sọ. Ọmọ náà kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń wo ẹnu rẹ̀.